Ìlasa, Ìbejì àti Ìwé Ìwádìí: Bí A Ṣe Ń Tọpa Ọ̀rọ̀ Dé Orísun Rẹ̀

Ẹni tó bá dé Igbó-Ọrà ní ilẹ̀ Ìbàràpá kò ní pẹ́ rí i pé ìbejì pọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì béèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á dárúkọ àmàlà àti ọbẹ̀ ìlasa fún un. Àwọn ìwé ìròyìn ti gbé ọ̀rọ̀ yìí káàkiri, àwọn oníròyìn òkèèrè náà ti wá síbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ìròyìn wọn kì í sì í parí kí wọ́n má fi kún un pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti sọ báyìí-báyìí. Àwọn onímọ̀ wo? Lọ́dún wo? Kí ni wọ́n kà, ara ta ni wọ́n ti kà á, kí ni wọ́n sì bá níbẹ̀? Kò sí ibi tí ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí wà àfi inú ìwé ìwádìí fúnra rẹ̀. Bí a ṣe ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, bí a ṣe ń kà á, àti bí a ṣe ń tò ó pamọ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé. Ọ̀rọ̀ ìbejì Igbó-Ọrà ni mo sì máa fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé tiwa ni, àti nítorí pé ó fi hàn kedere bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà láti inú ìwé dé ẹnu.

Ìwé ìwádìí tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìwé ńlá ẹlẹ́yìn líle. Àpilẹ̀kọ ni, ó lè jẹ́ ojú-ewé mẹ́rin, ó sì lè tó ogójì. Inú jọ́nà ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí lẹ́yìn tí àwọn onímọ̀ mìíràn nínú iṣẹ́ kan náà bá ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣà náà ti pẹ́: ọdún 1665 ni àwọn jọ́nà àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní Paris àti ní London. Ohun tó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn kí ó tó ṣí ẹyọ kan ni pé ìwé kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè tí wọ́n torí rẹ̀ kọ ọ́, kò sì lè dáhùn kọjá ìbéèrè yẹn. Ìwé tó ka iye ìbejì kò sọ ohun tó fà á. Ìwé tó wo ẹ̀jẹ̀ aboyún kò sọ ohun tó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀. Níbi tí àwọn èèyàn bá ti pa méjì irú èyí pọ̀ ni àhesọ ti máa ń di "ìwádìí fi hàn".

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí wíwá. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ odidi ìbéèrè sínú Google: kí ló dé tí ìbejì fi pọ̀ ní Igbó-Ọrà? Ìwé ìròyìn àti fídíò ni yóò kó jáde fún wọn. Google Scholar, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2004, ló dára jù fún iṣẹ́ yìí, nítorí ìwé àwọn onímọ̀ ló ń wá. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ìlera, PubMed tún wà, èyí tí láíbúrárì ìmọ̀ ìṣègùn ti ìjọba Amẹ́ríkà ti ń bójú tó láti ọdún 1996, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó dára jù lọ kò lè ran ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò lọ́wọ́. Ẹni tó ń wá "twins" nìkan kò ní rí púpọ̀ nínú ohun tó ń wá, nítorí pé "twinning" ni wọ́n sábà máa ń kọ, tàbí "multiple pregnancy", tàbí "dizygotic", èyí tí í ṣe ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ìbejì tó ti inú ẹyin méjì wá. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ni kí ẹ wá ìwé kan ṣoṣo tó bá ọ̀rọ̀ yín mu dáadáa, kí ẹ wo àkọlé rẹ̀ àti àkékúrú iwájú rẹ̀, kí ẹ sì kó àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ bá bá níbẹ̀ lọ fi wá òmíràn.

Orúkọ ibi tún máa ń dí wa lọ́nà. Ní ọdún 1969, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ P. P. S. Nylander tẹ ìwé kan jáde nínú jọ́nà Annals of Human Genetics. Ọ̀rọ̀ Igbó-Ọrà ló wà nínú rẹ̀, ìwé náà sì wà lára ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí aráyé ń sọ nípa ìlú náà. Ṣùgbọ́n àkọlé rẹ̀ kò dárúkọ Igbó-Ọrà, kò sì dárúkọ Yorùbá. Ohun tó sọ kò ju pé iye ìgbà tí wọ́n ń bí ìbejì ní ìletò kan ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni òun ń kọ nípa rẹ̀: "The frequency of twinning in a rural community in Western Nigeria". Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ni wọ́n ń pe ilẹ̀ wa nígbà náà, nítorí náà ẹni tó bá ń wá ìwé àtijọ́ gbọ́dọ̀ fi orúkọ àtijọ́ wá a. Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà tún wà níbẹ̀. Bí a bá kọ Igbó-Ọrà pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ni kò ní jáde, nítorí àwọn tó tẹ̀ wọ́n kò fi àmì sí i. Ẹ kọ ọ́ láìní àmì, ẹ so ó pọ̀, ẹ tún yà á sí méjì. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìran wa lẹ́yìn odi ní iṣẹ́ tó ju èyí lọ: ìwé tí wọ́n kọ ní Brazil lè pè wá ní Nagô, ti Cuba lè pè wá ní Lucumí, ti orílẹ̀-èdè Benin náà sì lè pè wá ní Nago. Ìwé tó dára gan-an lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí akẹ́kọ̀ọ́ má rí i, kìkì nítorí pé orúkọ kan ṣoṣo ló mọ̀.

Bí ẹ bá ti rí ìwé kan tó ṣe pàtàkì, ẹ dáwọ́ kíkọ ọ̀rọ̀ sínú ẹ̀rọ dúró díẹ̀, kí ẹ máa tẹ̀lé ìtọ́kasí. Ìdí ìwé kọ̀ọ̀kan ni àkójọ àwọn ìwé tó ṣáájú rẹ̀ wà, ìyẹn ni yóò mú yín padà sẹ́yìn. Ti iwájú ni àwọn ìwé tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n sì tọ́ka sí i, ìyẹn sì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í sábà lò. Ní ọdún 1955, Eugene Garfield, ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú jọ́nà Science pé ó yẹ kí atọ́ka wà tí yóò máa fi irú ìsopọ̀ yìí hàn. Nígbà tó di 1964, ó ti ń tẹ atọ́ka náà jáde ní ìwé ràgàjì-ràgàjì. Lónìí, ẹ kàn tẹ ibi tí wọ́n kọ "Cited by" sí lábẹ́ àkọlé ìwé nínú Google Scholar ni. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lábẹ́ ìwé ọdún 1969 yẹn, ẹ óò máa rìn bọ̀ láti ọdún náà títí dé òní, ẹ óò sì rí ẹni tó fara mọ́ ọn, ẹni tó ta kò ó, àti ẹni tó kàn ń dárúkọ rẹ̀ láìkà á. Ẹni tó mọ ìrìn yìí rìn, lọ sẹ́yìn àti sí iwájú, yóò rí ohun tó pọ̀ ju ti ẹni tó ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́.

Kò sí bí ẹ kò ṣe ní dé ẹnu ọ̀nà tí wọ́n tì, níbi tí wọ́n ti ń béèrè dọ́là kí wọ́n tó jẹ́ kí ẹ ka ìwé. Ẹ má yára sanwó. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá òǹkọ̀wé náà ti gbé ẹ̀dà ọ̀fẹ́ sí orí ìkànnì yunifásítì rẹ̀. Ohun èlò kan wà tí wọ́n ń pè ní Unpaywall tó ń bá èèyàn wá irú ẹ̀dà bẹ́ẹ̀. Ẹ béèrè ní láíbúrárì ilé ẹ̀kọ́ yín bóyá wọ́n wà lára àwọn tó ń jẹ àǹfààní Research4Life, ètò tó ń ṣí jọ́nà sílẹ̀ fún àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn, tí apá ti ìlera rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2002. Bí gbogbo ìyẹn bá kùnà, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú tó ní ọ̀wọ̀ sí òǹkọ̀wé náà lórí í-meèlì. Ọ̀pọ̀ wọn ni inú wọn máa ń dùn pé ẹnì kan fẹ́ ka iṣẹ́ wọn. Ẹ má sì gbàgbé jọ́nà ilẹ̀ wa. African Journals Online, tí ó ti wà láti 1998, kó jọ́nà tí wọ́n ń tẹ̀ káàkiri Áfíríkà jọ síbì kan. Àwọn àkójọ jọ́nà àtijọ́ tún wà lórí pákó ìwé ní láíbúrárì Kenneth Dike ní Ìbàdàn àti ti Hezekiah Oluwasanmi ní Ifẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ nípa wa ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, orí bébà ló ṣì wà, ẹni tí kò bá dìde lọ síbẹ̀ kò lè kà á.

Ìkìlọ̀ wà nípa ohun tí ẹ bá rí. Ẹ̀rọ tó ń fèsì bí èèyàn, irú ChatGPT, lè ṣẹ̀dá àkọlé ìwé tí kò sí níbì kankan, kí ó fi orúkọ onímọ̀ gidi sí i, kí ó sì kọ ọdún sí i. Nítorí náà ìtọ́kasí tí ẹ kò bá tíì fojú yín rí kò gbọdọ̀ wọ inú iṣẹ́ yín. Àwọn jọ́nà kan sì wà tó jẹ́ pé owó òǹkọ̀wé nìkan ni wọ́n ń wá, tí wọ́n ń tẹ ohunkóhun tí wọ́n bá fún wọn láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tó tilẹ̀ jáde nínú jọ́nà ńlá náà lè di èyí tí wọ́n fagi lé. Ọdún 1998 ni The Lancet tẹ ìwé Andrew Wakefield àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí ọmọ 12 péré, èyí tó mú kí ọ̀pọ̀ òbí máa sá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyi nítorí ìbẹ̀rù ọ́tísíìmù. Ọdún 2010 ni jọ́nà náà tó fagi lé e. Ọdún 12 ni ìwé yẹn fi wà nílẹ̀ tí àwọn èèyàn ń tọ́ka sí i.

Ó wá ku kíkà, níbi tí iṣẹ́ gidi wà. Ní ọdún 2007, S. Keshav, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ àpilẹ̀kọ kékeré kan tí ó ti ran akẹ́kọ̀ọ́ púpọ̀ lọ́wọ́. Ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí á má ka ìwé ìwádìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni kí á kà á. Kíkà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá lọ: àkọlé, àkékúrú, àwọn àkọlé inú, ìparí, àti àkójọ ìwé ìtọ́kasí. Lẹ́yìn rẹ̀ kí á pinnu bóyá ìwé náà wúlò fún wa. Ọ̀pọ̀ ìwé ni yóò parí síbẹ̀, kò sì sí ohun tó burú níbẹ̀. Ìkejì lè tó wákàtí kan, àwòrán àti tábìlì ni kí á gbájú mọ́ níbẹ̀. Ìkẹta ni ti ìwé tí iṣẹ́ wa dúró lé lórí, tí a óò gbìyànjú láti fi ọkàn tún iṣẹ́ náà ṣe bí ẹni pé àwa gan-an la ṣe é. Mo fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ fi kún un fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa: ẹ ka apá tó sọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà kí ẹ tó gba àbájáde rẹ̀ gbọ́. Apá yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò, nítorí ó gbẹ, kò dùn ún kà. Ibẹ̀ gan-an ni òtítọ́ ìwé máa ń wà.

Ẹ jẹ́ kí á lo ìwé Igbó-Ọrà láti rí i. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ láti ọwọ́ Nylander ni nǹkan bí 45 nínú 1,000. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni: 1,000 kí ni? Ìbímọ ni, kì í ṣe ọmọ. Bí obìnrin bá bímọ ní ìgbà 1,000 ní ìlú kan, tí 45 nínú rẹ̀ jẹ́ ìbejì, ọmọ 955 ló dá wá, 90 ló wá ní méjì-méjì, gbogbo ọmọ sì jẹ́ 1,045. Bí a bá wá fi iye ọmọ ṣírò rẹ̀, ìbejì yóò jẹ́ nǹkan bí 86 nínú 1,000 ọmọ. Ìṣirò méjèèjì ló tọ́, ìlú kan náà ni, ọdún kan náà ni. Ẹni tó bá fi 86 tibí wé 45 tibòmíràn ti sọ ìyàtọ̀ di ìlọ́po méjì láìfura. Mo ti rí ìròyìn púpọ̀ tó pa méjèèjì pọ̀.

Ìbéèrè kejì ni bí wọ́n ṣe rí i kà. Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní iṣẹ́ ìlera àwùjọ ní Ìbàràpá, tí Igbó-Ọrà sì jẹ́ ojúkò rẹ̀, ó sì ṣeé ṣe níbẹ̀ láti ní àkọsílẹ̀ ìbímọ tí ìlú mìíràn kò ní. Èyí ṣe pàtàkì gan-an. Ìlú tí wọ́n bá ti ń kà ni a ti ń rí iye. Bóyá ìlú mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ní ìbejì tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ láìsí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ìwé náà kò lè dá a lóhùn, a kò sì gbọdọ̀ fi agbára mú un dáhùn.

Lẹ́yìn náà ni kí á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ìwé mìíràn. Ní 2021, Christiaan Monden, Gilles Pison àti Jeroen Smits tẹ ìwé kan nínú jọ́nà Human Reproduction tó fi hàn pé káàkiri ayé, ìbejì ti lọ sókè láti nǹkan bí 9 nínú 1,000 ìbímọ ní àwọn ọdún 1980 sí 12, pàápàá nítorí ìtọ́jú àwọn tó ń wá ọmọ àti nítorí àwọn obìnrin tó ń pẹ́ kí wọ́n tó bímọ. Ti Igbó-Ọrà ti ga fíofío ṣáájú èyí. Ọdún 1978 ni wọ́n tó bí ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìgò ṣe oyún rẹ̀, ìwé ọdún 1969 sì ti fi iye yẹn hàn. Bẹ́ẹ̀ ni ìwé méjì tí wọn kò sọ ọ̀rọ̀ ara wọn ṣe lè jọ yọ ìdí kan kúrò.

Irú méjì sì ni ìbejì: èyí tí ẹyin kan pín sí méjì, nǹkan bí 4 nínú 1,000 ìbímọ ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba níbi gbogbo láyé. Ìbejì ẹyin méjì ló ń pọ̀ níbì kan tó sì ń kéré níbòmíràn. Ìbéèrè wa ti wá dín kù: kí ló ń mú kí ẹyin méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà lára obìnrin? Nylander tún padà wá ní 1973 pẹ̀lú ìwé lórí àwọn họ́mọ̀nù tó ń ti ẹyin jáde àti oyún ìbejì ní Nàìjíríà, ní 1978 ó sì kọ òmíràn tí àkọlé rẹ̀ dojú kọ ohun tó ń fà á. Ẹ wo bí ìbéèrè ṣe ń yí padà láti ìwé dé ìwé: iye, lẹ́yìn náà ohun inú ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn náà ìdí. Oníròyìn tó kó gbogbo wọn sínú gbólóhùn kan yóò jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ẹni tó ka ìbejì ní 1969 ló fìdí ọ̀rọ̀ iṣu àti ìlasa múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iṣu tilẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀. Ní àwọn ọdún 1940, Russell Marker, onímọ̀ kẹ́míìsì ará Amẹ́ríkà, yọ èròjà kan jáde láti inú irú iṣu igbó kan ní Mẹ́síkò, ó sì sọ ọ́ di họ́mọ̀nù obìnrin. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n inú ilé iṣẹ́ kẹ́míìsì ló ti ṣe é, ìpele lẹ́yìn ìpele, pẹ̀lú àwọn kẹ́míkà tí kò sí nínú ara wa. Iṣu náà kì í sì í ṣe iṣu funfun tí à ń gún. Bí "wọ́n ti rí họ́mọ̀nù nínú iṣu" ṣe rìn láti Mẹ́síkò wá dé abọ́ àmàlà nìyẹn. Ẹni tó bá ka ìwé ìpìlẹ̀ kò ní gbé e kọjá ibi tó dé.

Títò ìwé kò gba àlàyé tó gùn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ẹni tí kò bá ṣe é máa ń bàjẹ́. Ìwé ogún pẹ̀lú orúkọ bíi "download(3)" nínú fóònù kò yàtọ̀ sí ìwé tí kò sí. Ẹ sọ fáìlì kọ̀ọ̀kan ní orúkọ òǹkọ̀wé, ọdún, àti ọ̀rọ̀ kan tó ń ránni létí: Nylander-1969-iye, Nylander-1973-homonu. Zotero, ohun èlò ọ̀fẹ́ tó jáde láti Yunifásítì George Mason ní 2006, yóò bá yín kó wọn jọ, yóò tò wọ́n, yóò sì máa kìlọ̀ fún yín bí wọ́n bá fagi lé ọ̀kan nínú wọn. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ síbòmíràn, nítorí iná àti olè. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ ni tábìlì tí ẹ óò fi ọwọ́ ara yín ṣe, ìlà kan fún ìwé kan: ta ló ṣe é, lọ́dún wo, níbo, èèyàn mélòó, kí ni wọ́n kà tàbí wọ̀n, kí ni wọ́n bá, àti ohun tí ìwé náà kò sọ. Ọ̀rọ̀ yín ni kí ẹ fi kọ ọ́, kí ó má jẹ́ àdàkọ, bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ èdè Yorùbá lẹ fi kọ ọ́ tí ìwé náà wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí a kò bá lè sọ ní èdè abínibí wa, ó ṣeé ṣe kí ó má tíì yé wa. Àyè tó gbẹ̀yìn nínú tábìlì yìí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí láti ibẹ̀ ni ìbéèrè tuntun ti ń jáde.

Ohun tí àyè náà máa ń sọ nípa Igbó-Ọrà hàn gbangba: wọ́n ka ìbejì, wọ́n wo họ́mọ̀nù, ṣùgbọ́n ìyẹn kò fi bí ìlasa ṣe wọ̀ ọ́ hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti bá àwọn obìnrin tí kò tíì lóyún pàdé, kí ó máa kọ ohun tí wọ́n ń jẹ sílẹ̀ kí oyún tó dé. Bí ó bá dúró di ẹ̀yìn ìbí kí ó tó béèrè, ìyá ìbejì ti gbọ́ ohun tí gbogbo ìlú ń sọ, ìlasa ni yóò sì rántí. Kí ó béèrè ọjọ́ orí wọn àti iye ọmọ tí wọ́n ti bí, nítorí méjèèjì ló ń fi kún ìbejì. Kí ó béèrè bóyá ìbejì wà ní ìdílé ìyá wọn. Kí ó ṣe ohun kan náà ní ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ ìlasa tó bẹ́ẹ̀ tí ìbejì kò sì pọ̀ níbẹ̀. Obìnrin díẹ̀ kò sì ní tó o, nítorí pé ní Igbó-Ọrà pàápàá, nǹkan bí 955 nínú 1,000 ìbímọ ni ó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo.